Ebè Tí Bọ̀dá Mi Fò

Àwọn ọmọ kíláàsì wa máa ń sọ pé bí èèyàn bá fi abẹ́rẹ́ gún Tíṣà Lazarus, yóò yọ abẹ́rẹ́ náà, yóò wò ó, yóò sì béèrè ẹni tó ni ín. Àwàdà yìí máa ń bí mi nínú, torí ẹ̀gbọ́n mi ni, ọmọ ìyá kan náà, ṣùgbọ́n irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa. Lazarus kì í bínú. Kì í rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá gbé iyán síwájú rẹ̀, á jẹ ẹ́. Bí ẹ ò bá gbé e, kò ní béèrè. Ó máa ń jókòó lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ ní Ìlọ́fà nígbà tí gbogbo wa bá ti lọ sílé, ẹni tó bá sì rí i á rò pé ó ń ro nǹkan ńlá kan. Kò ro nǹkan kan. Ó jókòó ni.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà fún bí ọdún mẹ́wàá. Èmi rò pé bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Ìgbà tí ìdánwò ìwọlé kọ́lẹ́ẹ̀jì fẹ́ gbé mi ṣubú lẹ́ẹ̀kejì ni mo tó mọ ohun tó ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti bàbá wa, torí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì bá mi jà pé mò ń pe bàbá mi ní "ó". Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í fi "ẹ" pọ́n àgbà lé bí ará Ọ̀yọ́. "Ìwọ" là ń sọ fún bàbá tó bí wa. Inú ìkúnlẹ̀ ni ọ̀wọ̀ náà wà, eékún mi sì le títí dòní.

Olóyèdé ni orúkọ bàbá wa. Iṣu ló ń gbìn. Láti Ìlọ́fà títí dé Ìdòfin, kò sí àgbẹ̀ tí kò mọ ebè rẹ̀: gbogbo rẹ̀ ga dọ́gba, wọ́n sì tò tẹ̀ lé ara wọn gbọọrọ bí ẹni fi okùn wọ̀n wọ́n. Bí wọ́n bá ṣe ọ̀wẹ̀, tí àwọn ọkùnrin jọ ń kọ ebè lóko ẹnìkan, kálukú ló ní ìlà tirẹ̀. Àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ á máa fo ibi tí òkúta bá wà tàbí ibi tí gbòǹgbò bá ti díjú, kí wọ́n lè tètè dé iwájú. Bàbá wa kì í fò. Bó bá kan òkúta, á wú u. Bó bá kan gbòǹgbò, á gé e. Nígbà tí àwọn yòókù bá ti ń mumi lábẹ́ igi, òun á ṣì wà nínú oòrùn, òun àti gbòǹgbò kan ṣoṣo.

"Àlàfo tí o bá fi sílẹ̀ lóko," ló máa ń sọ fún wa, "ará ulé rẹ ni yóò dí i."

Ohun tó ń sọ yé wa. Ebè iṣu àti ibojì tuntun, ìrísí wọn ò jìnnà síra. Ẹni tó bá fo ebè lóko Olóyèdé ti ránṣẹ́ pe ikú wá sílé nìyẹn. Èèwọ̀ ilé wa ni, kì í ṣe ti ìlú. Àwọn ará ìlú tilẹ̀ máa ń fi í ṣe wá yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n bá fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tọ́, ọ̀rọ̀ náà á wọ inú eegun rẹ̀. A ò lè fi àwo kan sílẹ̀ láìfọ̀ kí á mú òmíràn. Bí wọ́n bá ní kí ọmọ Olóyèdé ka Sáàmù ní ṣọ́ọ̀ṣì, á kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ì báà ṣe pé ebi ń pa àlùfáà.

Lazarus mọ̀wé. Mo ní láti sọ ọ́, torí máàkì rẹ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1953 tó parí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó lọ ṣe ìdánwò láti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tíṣà. Máàkì tó gbà kéré débi pé ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa, Tíṣà Japhet, kò lè pè é sókè lójú àwọn ọmọ yòókù. Ó tún lọ lọ́dún kejì, máàkì náà tún rí bákan náà. Ni Tíṣà Japhet bá gun kẹ̀kẹ́ lọ bá ọ̀kan nínú àwọn tó yẹ ìwé wọn wò, ó sì fi ìyàlẹ́nu bọ̀. Ìbéèrè kìíní nínú ìṣirò, Lazarus gbà á. Ìkejì, ó gbà á, iṣẹ́ rẹ̀ sì mọ́ ju ti inú ìwé lọ. Ìkẹta, ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó pa á rẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, bébà funfun ló kù títí dé òpin.

"Lazarus, kí ló ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó kù?" ni Tíṣà Japhet bi í.

"N kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn, sà, tí wọ́n fi lu aago."

Inú bàbá wa tilẹ̀ dùn díẹ̀. Ó béèrè bóyá èyí tí ọmọ rẹ̀ ṣe mọ́, wọ́n ní ó mọ́. "Ó dáa náà," ló wí, ó gbé ọkọ́, ó sì lọ sóko.

Ṣé ẹ rí i? Kò sí ẹni tó rò ó pé ebè ni Lazarus ń kọ lórí bébà. Tíṣà Japhet rò pé ọwọ́ rẹ̀ ni kò yá, ó wá ń fún un ní iṣẹ́ ìṣirò láàárọ̀ àti lálẹ́. Lazarus ń ṣe gbogbo rẹ̀, ó ń tẹ̀ lé ìlà, kò fo ọ̀kan.

Ìgbà tó kẹ́yìn ni ọdún 1955. Kọ́lẹ́ẹ̀jì náà kì í gba ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ bá ti pọ̀ jù, Lazarus sì ti ń hu irùngbọ̀n. Bí kò bá yege, oko ló kàn. Oko kò burú, ṣùgbọ́n Ìyé kò fẹ́ ẹ fún un. Ìyé là ń pe ìyá wa. Àbẹ̀kẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Inú ti ń run ún láti ìgbà iṣu tuntun, ó sì ti rù débi pé òrùka ń yọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nírọ̀lẹ́ Tọ́sìdeè, tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́ tí Lazarus máa lọ, Ìyé pè é sẹ́bàá ẹní.

"Bí o bá ti dé," ló wí, "ọ̀dọ̀ mi ni kí o kọ́kọ́ wá. Wá wí fún mi pé o ti dé, kí bàbá rẹ tó gbọ́."

"Mo gbọ́, Ìyé."

Èmi kéré nígbà náà, wọ́n sì ti gbé mi lọ sùn sílé Keziah, àbúrò bàbá wa obìnrin, nítorí àìsàn náà. Ẹnu Lazarus ni mo ti gbọ́ ohun tó tẹ̀ lé e. Ní àárọ̀ Fúráídè, ó ti gbé àpótí rẹ̀ lérí. Lọ́rì tó ń bọ̀ láti Òsì, tó ń lọ sí Òmù-Àrán, kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ó yà sẹ́nu ọ̀nà yàrá Ìyé. Bàbá wa ló dúró níbẹ̀, ó fi ọwọ́ ti òpó ẹnu ọ̀nà.

"Ìyé, mo ń lọ o!" ni Lazarus ké.

Bàbá wa wo inú yàrá, ó tún wo Lazarus. "Ó gbọ́," ló wí. "Oorun ló ń kùn ún. Máa lọ, kí lọ́rì má fi ọ́ sílẹ̀."

Ó lọ.

Ní Òmù-Àrán, inú ilé kan tó jẹ́ ti ìjọ ni wọ́n kó àwọn tó wá láti ọ̀nà jíjìn sí. Ẹni tí ẹní rẹ̀ kángun sí ti Lazarus ni Àlímì, ọmọ Kòrò, ẹlẹ́nu wẹ́wẹ́ kan tó ń jẹ ẹ̀pà bó ti ń sọ̀rọ̀. Ó béèrè ohun tó gbé Lazarus ṣubú lẹ́ẹ̀mejèèjì, Lazarus sì sọ fún un, àti èèwọ̀ ilé wa pẹ̀lú. Àlímì rẹ́rìn-ín títí ẹ̀pà fi há a lọ́fun.

"O kì í fò ó? Ìwọ ọkùnrin yìí! Bébà ni, ebè kọ́. Ta ló máa gbin usu sí i? Ṣe èyí tí o mọ̀, fi èyí tó le sílẹ̀, kó o padà wá bá a bí àyè bá kù. Kò ní sá lọ."

Nígbà tó di ọ̀sán Sátidé, ìbéèrè kẹta nínú ìṣirò jẹ́ ti táńkì kan tí omi ń wọ̀ láti òkè, tó sì ń jò nísàlẹ̀. Ìdí tí ẹni tó ni táńkì kò fi dí ibi tó ń jò, èmi ò mọ̀ títí dòní. Lazarus wò ó títí. Oòrùn wà láàrin orí. Ó sọ fún mi pé òun gbé kálámù sókè, òun gbé e kọjá àlàfo náà, òun sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sórí ìbéèrè kẹrin. Ìkẹrin kò le. Ìkarùn-ún kò le. Ó ṣe gbogbo wọn tán, ó padà wá bá táńkì náà, ó sì rí ojútùú rẹ̀ kí wọ́n tó lu aago. Nínú lọ́rì tó gbé e bọ̀ wálé, ó kọrin. Àwọn tó mọ̀ ọ́n lẹ́yìn ìgbà náà kì í gbà mí gbọ́ bí mo bá sọ pé ó kọrin.

Ọjọ́ ti ń rọ̀ nígbà tó dé. Ó bá àwọn èèyàn níwájú ilé wa, wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì. Ó fẹ́ gba àárín wọn kọjá lọ bá Ìyé, gẹ́gẹ́ bí Ìyé ti wí, ni Keziah bá dì í mú.

"Ìyé rẹ ti lọ," ni Keziah wí. "Ọ̀sán òní ni. Oòrùn wà láàrin orí. Kò ṣeé gbé kalẹ̀ títí, a ti sin ín."

Wọ́n mú un lọ sẹ́yìn ilé, sẹ́bàá igi ọsàn. Ibojì náà ga, wọ́n ti fi ọwọ́ tẹ́ ẹ yíká. Iyẹ̀pẹ̀ òkè rẹ̀ ti gbẹ, ó ti ń funfun. Lazarus rí i pé ó ti gbẹ. Kò bi ara rẹ̀ léèrè nǹkan kan. Keziah ní kó bu iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ sí i, torí àkọ́bí ló ń bu iyẹ̀pẹ̀ sí ìyá rẹ̀ lára, tí yóò sì kí i. Lazarus wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, èyí tó fi gbé kálámù. Kò bu ú. Ó wọlé, ó jókòó.

Ó yege. Tíṣà Japhet jó yí ilé-ẹ̀kọ́ ká. Lazarus ní, "Mo dúpẹ́, sà." Ó lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó kàwé tán, wọ́n sì dá a padà wá máa kọ́ wa ní Ìlọ́fà. Nígbà tí orílẹ̀-èdè gba òmìnira, wọ́n kó ife tí wọ́n ya àsíá sí lára wá fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Lazarus pín in fún wa, ó mú ọ̀kan lọ sílé, ó sì ń tọ́jú iyọ̀ sí i. Kò ṣàìsàn. Kò burú sí ẹnikẹ́ni. Wọ́n fi ìyàwó lọ̀ ọ́, ó ní kí wọ́n ṣe é bí wọ́n bá ṣe fẹ́. Ọmọbìnrin náà ni kò fẹ́ ọkọ tó lè dáhùn báyẹn, mo sì rò pé orí rẹ̀ pé.

Nǹkan kan ṣoṣo ló ń le sí i lọ́dọọdún: àwọn ọmọ tí Lazarus ń kọ́ kì í yege. Ẹ má sọ pé kò mọ iṣẹ́. Kí oòrùn tó yọ ló ti ń kọ́ wa, tí ìṣirò kò bá yé ọmọ, á tún un sọ títí á fi yé e, kò sì ní jágbe. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan bá fo ìbéèrè kan lọ sórí èyí tó tẹ̀ lé e, Lazarus á rìn wá jẹ́ẹ́, á fi ìka lé èyí tí ọmọ náà fò, á sì dúró. Á dúró títí ọmọ náà á fi padà. Bí a ṣe kẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn. A mọ ìkìíní, a mọ ìkejì, wọ́n á sì lu aago mọ́ wa lórí nídìí ìkẹta.

"Ìwé wọn mọ́, máàkì wọn ò sí," ni Tíṣà Japhet ń wí, tó ti ń darúgbó. "Lazarus, kí lo ṣe lọ́dún tí ìwọ fi yege?"

"Mo kàn ṣe é ni, sà."

Ní 1964, èmi náà lọ ṣe tèmi, láti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn obìnrin. Mo mọ ìkìíní, mo mọ ìkejì. Máàkì mi dé, ojú tì mí débi pé n kò lọ sódò fún ọjọ́ díẹ̀. Ọláìtán, ọmọ Òkè-Ọ̀pin, ti ń kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá ṣe ọ̀wẹ̀ àna lóko bàbá wa nígbà náà. Bàbá wa pè mí.

"Fúnkẹ́, ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí kò bá bọ́ sí i, Ọláìtán ń dúró."

Ọláìtán kò burú, ebè rẹ̀ pàápàá gún. Ṣùgbọ́n mo ti rí àwọn ọmọbìnrin kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn nínú aṣọ funfun, tí wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ gba ìgboro kọjá, èmi náà sì fẹ́ gun kẹ̀kẹ́. Bó ti rí nìyẹn, n kò ní fi nǹkan tó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ bò ó.

Ọdún yípo. Ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ní àárọ̀ Sátidé kan, Lazarus gbé ìṣirò síwájú mi nílé, mo bá a dé ìkẹta, mo há. Mo fẹ́ lọ sí ìkẹrin, ìka rẹ̀ sì ti wà lórí ìkẹta. Inú bí mi. Mo ju kálámù sílẹ̀.

"Bọ̀dá, mú ìka rẹ kúrò! Ìwọ yege. Kí lo ṣe? O ò sọ fún Tíṣà Japhet, o ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣé o fẹ́ kí gbogbo wa di ìyàwó ará Òkè-Ọ̀pin ni?"

Kò bínú. Ó wo ìka rẹ̀ níbi tó wà.

"Mo fò ó," ló wí. Ó wá sọ gbogbo rẹ̀ fún mi bí mo ti sọ ọ́ fún yín yìí, ti Àlímì, ti táńkì, ti oòrùn tó wà láàrin orí, ohùn rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹni ń ka orúkọ ọmọ kíláàsì. "Ní ọ̀sán yẹn gan-an ni Ìyé kú. Bí mo ti gbé kálámù kọjá, ó kú."

Ó wá yé mi ohun tí ìka náà ń ṣe láti ọjọ́ yìí wá. Kì í ṣe pé ó ń dí wa lọ́wọ́. Àwọn ìyá wa ló ń dáàbò bò, gbogbo ìyá àwọn ọmọ kíláàsì keje ní Ìlọ́fà.

"Bí èmi bá fò ó ńkọ́?" ni mo bi í.

"Ìyé ti lọ," ni Lazarus wí. "Ó ku Bàbá."

N kò mọ bí mo ṣe dé oko. Mo bá bàbá wa lórí ìlà rẹ̀, ó ń fa ilẹ̀ jọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ díẹ̀ ṣùgbọ́n ebè rẹ̀ kò tẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sí àárín poro.

"Bàbá, bí mo bá fo ìbéèrè kan nínú ìdánwò, ṣé o máa kú?"

"Kí lo wí?" Kò dúró, ọkọ́ rẹ̀ ń lọ. Mo sọ ohun tí Lazarus sọ fún mi. Mo sọ ti kálámù, mo sọ ti ọ̀sán Sátidé. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ọkọ́ náà dúró.

Ebè tó wà níwájú rẹ̀ kò tíì ju ìdajì lọ. Bàbá wa wò ó. Ó fi ọkọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀, ó kọjá lára mi, ó sì mú ọ̀nà ilé pọ̀n. Mo dìde tẹ̀ lé e. Mo bojú wẹ̀yìn wo ìdajì ebè náà, ọkọ́ wà lára rẹ̀, n kò rí irú rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi.

A bá Lazarus nídìí iyán. Bàbá wa kò jókòó. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sì fi ọwọ́ ti òpó.

"Lazarus, ọ̀sán Sátidé kọ́ ni ìyé rẹ kú."

Lazarus gbé ojú sókè.

"Fúráídè ni, kí àkùkọ tó kọ. Nígbà tí o dúró síbí tí o ń ké sí i, ó ti kú. Lálẹ́ tó ṣáájú, ó wí fún mi pé ohun yòówù kó dé, n kò gbọdọ̀ dá ọ dúró. Mo wo ọ̀ràn náà títí. Bí mo bá sọ fún ọ, o ò ní lọ, uṣẹ́ tí o ti ń ṣe láti ọdún yìí wá á sì bàjẹ́. Mo wá fi òkú rẹ̀ sílẹ̀ lórí ẹní, mo jáde wá, mo ní kí o máa lọ. Ẹ̀yìn rẹ la sin ín, lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo fo ebè, Lazarus, ìwọ kọ́."

"Keziah ní Sátidé ni."

"Èmi ni mo ní kó wí bẹ́ẹ̀, mo sì bẹ gbogbo ará àdúgbò kí wọ́n má tú u. Bí o bá gbọ́ pé Fúráídè ni, wàá bi mí ìdí tí n kò fi rán ẹnikẹ́ni sáré tẹ̀ lé ọ. Kí ni mo fẹ́ wí? Mo rò pé ọ̀fọ̀ ìyá rẹ ló ń ṣe ọ́. N kò mọ̀ pé ẹrù tèmi lo rù."

Lazarus gbé ọwọ́ kúrò nínú iyán.

"Mo ní, 'Ìyé, mo ń lọ o,'" ló wí. "O ní ó gbọ́."

"Mo wí bẹ́ẹ̀."

"Ṣé ó gbọ́?"

Bàbá wa mi orí. "Kò gbọ́, ọmọ mi."

Mo ń retí kí Lazarus figbe ta. Kí n má purọ́, mo fẹ́ kó figbe ta. Mo fẹ́ kó ta àwo iyán náà nù, kó bú bàbá wa, kó ṣe nǹkan kan. Ó ní, "Ó dáa." Ó jẹ iyán tó kù, ó fọ ọwọ́, ó lọ jókòó síbi tó máa ń jókòó sí. Inú rẹ̀ ti kú pẹ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò lè jí i.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ó dúró níwájú kíláàsì, ó sì ní, "Ìbéèrè tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ fò ó. Bí ẹ bá ṣe tán, kí ẹ padà wá bá a." Ẹnikẹ́ni kò mira. A rò pé ó fẹ́ dán wa wò ni. Nígbà tó rí i pé ìwé nìkan kò lè yí wa padà, ó kó wa lọ sí oko ilé-ẹ̀kọ́, ó sì ní kí àwọn ọmọkùnrin kọ ebè, kí wọ́n sì máa fo ọ̀kan ọ̀kan. Wọ́n kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín, nígbà tó yá wọ́n kò rẹ́rìn-ín mọ́, wọ́n ń fò. Bàbá ẹnìkan wá bá Tíṣà Japhet jà pé wọ́n ń kọ́ ọmọ òun ní iṣẹ́ ọ̀lẹ. Lazarus gbé ọkọ́ fún èmi náà. Mo fo ebè kan lójú ọmọ aráyé, mo sì sáré lọ sílé lọ wo bàbá wa. Ó ń gé èékánná.

Ọjọ́ ìdánwò dé. Mo dé ìbéèrè kẹta, n kò mọ̀ ọ́n, mo gbé kálámù kọjá. Mo ṣe gbogbo èyí tó kù, mo padà wá bá ìkẹta, mo ṣe ìdajì rẹ̀, aago sì lù. Nígbà tí lọ́rì já mi sílẹ̀, n kò dúró gba àpótí mi. Bàbá wa wà níwájú ilé, ó ń jẹ iṣu sísun, ó sì béèrè ohun tó ń lé mi bọ̀.

Àbájáde pẹ́ kó tó dé. Ọjọ́ tó dé, láti ojú títì la ti ń gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́ Tíṣà Japhet. Mo yege. Ó ju ìdajì kíláàsì wa lọ tó yege, nínú ilé-ẹ̀kọ́ tí ọdún máa ń kọjá tí ẹnìkan ò ní yege. Àwọn ìyá ń pariwo, èmi ń pariwo. Lazarus jókòó láàrin wa, ó ń wo àwọn ìyá náà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń wá ẹni tí kò sí. Gbogbo wọn pé. Lẹ́yìn náà ló wo bàbá wa, tó ń gba àkàrà lọ́wọ́ Keziah, ó wò ó pẹ́.

Ó dìde, ó gba ẹ̀yìn ilé lọ. Bàbá wa tẹ̀ lé e, èmi náà tẹ̀ lé wọn. Ibojì Ìyé ti rọlẹ̀ láti ìgbà yẹn wá, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀, ọsàn tó já bọ́ wà lórí rẹ̀. Lazarus ṣa ọsàn náà kúrò. Ó kúnlẹ̀. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún bu iyẹ̀pẹ̀, ó dà á sí i, ó tún bu ú, èjìká rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹkún tó sun lọ́jọ́ náà, àwọn ará iwájú ilé gbọ́ ọ, ariwo wọn sì dákẹ́.

"Ìyé," ló wí nígbà tó lè sọ̀rọ̀, "mo ti dé o."

Bàbá wa dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó fi ọwọ́ ti igi ọsàn. Ó la ẹnu, ó sì pa á dé. Lọ́tẹ̀ yìí, kò bá Ìyé dáhùn.